Bí Irin Tí Ń Lu Eegun Ṣe Gba Ìwo Lọ́wọ́ Ìgbín

Nígbà láéláé, nígbà tí irin ṣì ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò mọ bí nǹkan ṣe ń dun ni, ìwo mẹ́rin ni Ìgbín ní lórí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì gùn dọ́gba. Bó bá yọ wọ́n síta, ẹ ó rò pé ọba kékeré kan ló dé adé ń bọ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwo yẹn sí apá kan ná, a ó padà bá a.

Ní ayé ìgbà náà, Inàkí ló ń to eegun fún gbogbo ẹranko. Ẹni tó já bọ́ lórí igi, ọ̀dọ̀ Inàkí. Ẹni tí òkúta yí lù, ọ̀dọ̀ Inàkí. Ọwọ́ rẹ̀ tóbi, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ ó ní àṣà kan tí àwọn adìẹ kì í fẹ́ gbọ́ rárá.

Àṣà náà nìyí. Bí ẹranko kan bá kán lẹ́sẹ̀, Inàkí á to ẹsẹ̀ náà, á fi igi pẹlẹbẹ há a, á sì dì í. Lẹ́yìn náà, á mú adìẹ kan, á kán òun náà lẹ́sẹ̀, á tò ó, á dì í bákan náà. Ọjọ́ tí adìẹ bá dìde rìn ni Inàkí máa ń tú ẹsẹ̀ aláìsàn. Ẹsẹ̀ adìẹ ló fi ń mọ ohun tó ń lọ nínú ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀.

Kí wá ni adìẹ ṣe? Àwọn adìẹ náà bèèrè títí. Èsì kan ṣoṣo ni Inàkí ní: "Bí bàbá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn." Ẹnikẹ́ni tó bá ti fi bàbá rẹ̀ tó ti kú dáhùn ọ̀rọ̀, ẹ fi í sílẹ̀, kò fẹ́ ronú lọ́jọ́ náà ni.

Inàkí tún ní àpò irin kan. Irin Pẹlẹbẹ ń gbé nínú rẹ̀, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Aluhò náà ń gbé ibẹ̀, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí Inàkí fi ń lu ihò sára eegun, bí eegun bá fọ́ kọjá ohun tí igi lè mú. Ẹnu Aluhò ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Dípò kó kí ọ̀gá rẹ̀ ní "ẹ káàárọ̀", ohun tó máa ń wí ni pé, "Kí ni mo dojú kọ rí tí n kò lu?"

Ní ọdún kan, nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ tí koríko ń gbẹ, Ẹtu lọ jẹ ewé ẹ̀wà nínú oko olóko. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àgbẹ̀, ó fò, ó sì ki ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan bọ ihò tí wọ́n ti wa iṣu. Pọ́ọ́! Ẹsẹ̀ ti kán. Àwọn ará ilé rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ Inàkí.

"Bàbá Inàkí, ẹ gbà mí," ni Ẹtu wí. "Ọyẹ́ ti dé, ẹ sì mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé ọyẹ́."

Gbogbo ẹranko ló mọ̀ ọ́n. Iná ìgbẹ́ ni. Lọ́dọọdún, ó máa ń jẹ koríko láti Òkè Àgbọ̀n títí dé etí odò. Ẹni tó bá lẹ́sẹ̀ á sá kọjá odò. Ẹni tí kò bá lè sá, a kì í sọ ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú oúnjẹ.

Inàkí to ẹsẹ̀ Ẹtu, ó dì í, ó wá jáde lọ wá adìẹ. Àwọn adìẹ tó rí i lókèèrè ti fò sórí igi, wọ́n ń wò ó láti òkè. Òpìpì nìkan ló kù nílẹ̀. Ìyẹ́ ara Òpìpì kò pọ̀, kò lè fò. Bó tilẹ̀ lè fò, kò ní lọ, torí ó ń sàba lórí ẹyin.

"Bàbá Inàkí, ẹ dákun," ni Òpìpì wí. "Bí mo bá kúrò lórí àwọn ẹyin yìí, wọn á tutù."

"Ẹsẹ̀ kan péré ni mo ní kí o yá mi," ni Inàkí wí, bí ẹni tó ń tọrọ iyọ̀. "Bí bàbá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Bó ṣe kán Òpìpì lẹ́sẹ̀ nìyẹn o. Ó dì í, ó sì tẹ́ ẹ sórí ẹní kan náà pẹ̀lú Ẹtu. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ẹtu ń wo ojú ọ̀run bóyá èéfín ń rú. Òpìpì ń na ọrùn sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí ẹyin rẹ̀ wà nínú koríko gbígbẹ.

Ó wá di àárọ̀ kan tí ọyẹ́ mú débi pé etí Ẹtu ń gbọ̀n. Òpìpì kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì san rárá, àmọ́ ó dìde, ó pa ẹnu dé, ó sì ń tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ síbi ẹyin rẹ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń lọ.

Inàkí ń rin orín bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé. Bó ṣe rí Òpìpì lórí ìrìn, ó ju orín nù.

"Adìẹ ti rìn!" ló ké. "Adìẹ ti rìn o!"

Kò wo ojú adìẹ. Ẹsẹ̀ nìkan ló wò. Ó sáré wọlé, ó tú igi kúrò lára Ẹtu, ó ní, "Dìde, ọmọ mi! Fò kí n rí ọ!"

Ẹtu fò. Kò fò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹsẹ̀ náà tẹ̀ lójú ibi tó ti kán tẹ́lẹ̀, ó sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Igbe tí Ẹtu ké, àwọn tó wà lódò gbọ́ ọ.

Òpìpì náà gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilé. Ó ti ń jókòó lé ẹyin rẹ̀ lọ́wọ́. Ì bá pa ojú dé, kó ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, ta ni ì bá mọ̀? Àmọ́ ó dìde, ó ń tiro padà bọ̀.

"Èmi ni mo jẹ̀bi," ló wí. "Ẹsẹ̀ mi kò tíì san. Ẹyin mi ni mo fẹ́ lọ bá."

Ẹnu Inàkí ò padé. "Òpìpì! O rìn lórí ẹsẹ̀ tó kán?"

"Mo rìn, Bàbá. Ìyá ọmọ ni mí. Àmọ́ ẹ gbọ́, ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣe ẹsẹ̀ Ẹtu, kí ló dé tí ẹ ò bi ẹsẹ̀ Ẹtu?"

Inàkí fẹ́ sọ pé bàbá òun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wo Ẹtu nílẹ̀, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Gbogbo wọn rò pé Ẹtu á fi ìbínú gbá Òpìpì nípàá. Ẹtu sunkún tán, ó nu imú, ó ní, "Ìyá Òpìpì, àwọn ẹyin náà ńkọ́?"

"Wọ́n ti ń tutù."

"Ẹ kó wọn wá sábẹ́ ikùn mi. Ìrun mi nípọn. Mo kúkú ti dùbúlẹ̀, n kò níbi tí mò ń lọ."

Ibẹ̀ ni omijé tún bọ́ lójú Òpìpì. Inàkí ló kó ẹyin náà wá fúnra rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Aluhò ló fọhùn nínú àpò. "Ọ̀gá, ṣé ẹ ti rí i pé igi kò lè mú u? Ẹ mú mi síta. Ẹ jẹ́ ká lu ihò sí eegun yẹn, ká fi Irin Pẹlẹbẹ dè é pọ̀ nínú lọ́hùn-ún. Kí ni mo dojú kọ rí tí n kò lu?"

Inàkí fún Ẹtu ní ewé tí ń múni sùn. Nígbà tó sùn, ó la ẹran ibẹ̀, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ ti eegun láti ìsàlẹ̀, ó sì gbé Aluhò lé e. Aluhò ń lọ wọ́ọ́ọ́. Eegun parí, kò mọ̀. Ó ń lu ẹran lọ, kò mọ̀. Ó kan àtàǹpàkò Inàkí.

"Yéè! Ìyá mi o!"

Inàkí fò sókè, ó ki àtàǹpàkò bọ ẹnu, ó sì jó ijó kan tẹ́nikẹ́ni ò kọ́ ọ rí, yípo ilé. Òpìpì rẹ́rìn-ín títí tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ fi rán an létí pé kó dákẹ́.

"Kí ló dé tí o ò dúró?" ni Inàkí bi Aluhò.

"Kí n dúró níbo, Ọ̀gá?"

"Níbi tí eegun ti parí, aláìgbọ́n!"

Nígbà tí Aluhò máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti kéré. "Ọ̀gá, èmi ò mọ ibi tí eegun ti ń parí. Eegun, ẹran, àtàǹpàkò yín, bákan náà ni gbogbo wọn rí lẹ́nu mi."

Inàkí ti Aluhò padà sínú àpò. "Bó bá jẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ Ẹtu lo kàn ńkọ́? Rárá, n kò lu mọ́." Ó fi ewé di ojú egbò náà. Ó wo ìta, ó sì rí i tí èéfín fẹ́lẹ́ ń rú lórí Òkè Àgbọ̀n.

Òpìpì tẹ orí síwájú, ó ń ronú. "Bàbá Inàkí," ló wí, "mo mọ ẹnìkan tó ń mọ̀ bí nǹkan bá rọ̀, tó ń mọ̀ bó bá le, tó sì ń tètè dúró. Nígbà tí mo bá ń tan ilẹ̀ lórí ààtàn, kí ẹnu mi tó kan ìwo rẹ̀ dáadáa, ìwo ti wọlé."

"Ìgbín!" ni Inàkí wí. Ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó há Òpìpì mọ́ abíyá, ó di ọ̀nà ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ìgbín ń jẹ ewé ìbẹ́pẹ. Wọ́n kí i, wọ́n sì ro ẹjọ́ náà fún un látòkèdélẹ̀: irin yìí kò mọ nǹkan lára, wọ́n fẹ́ kí Bàbá Ìgbín bun un ní díẹ̀ nínú ìwo rẹ̀.

"Èmi tí n kò ní eegun kan lára!" ni Ìgbín wí. "Bí eegun gbogbo ayé bá kán, ilé mi á tòrò." Ó wọ ìkarahun lọ.

Òpìpì fi ẹnu kan ìkarahun, kó, kó, kó. "Bàbá Ìgbín, ṣé ẹ ń gbọ́ òórùn yẹn?"

Ìwo kan yọ. "Òórùn wo?"

"Èéfín. Iná ìgbẹ́ kì í béèrè eegun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́dún tó kọjá, ta ló gbé yín sá?"

Ìwo kejì yọ díẹ̀díẹ̀. "Kò sẹ́nìkan. Ẹ wo ẹ̀yìn ìkarahun mi, ó ṣì dúdú."

"Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ẹ fi ń gun igi, Bàbá, àmọ́ iná ò mọ ẹ̀sọ̀. Bí ẹsẹ̀ Ẹtu bá san, orí ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ ó wà, lọ́dún yìí àti lọ́dọọdún."

Ìgbín ronú. Ẹ mọ bí Ìgbín ṣe ń ronú. Inàkí tòògbé, ó jí, Ìgbín ṣì ń ronú. Níkẹyìn ó ní, "Ó dáa. Àmọ́ ìwọ irin, gbọ́. Láti òní lọ, ìfọ́nnu ti parí. Ibi tí eegun bá ti tán tí ohun rírọ̀ bẹ̀rẹ̀ ni kí o dúró, kí o sì ké kí ọ̀gá rẹ gbọ́."

"Mo gbà, Bàbá," ni Aluhò wí.

"Èmi náà ní tèmi," ni Òpìpì wí. "A ò gbọdọ̀ kán adìẹ lẹ́sẹ̀ mọ́ nítorí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn."

Inàkí họ orí. "Mo gbọ́. Báwo ni n ó ṣe wá máa mọ̀ bí eegun bá ti so pọ̀, tó sì ti mú?"

Ohùn kékeré kan wá dún nínú àpò. Irin Pẹlẹbẹ ni, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀.

"Èmi ni mò ń bá eegun gbé nínú lọ́hùn-ún," ló wí. "Ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nǹkan rí. Bí èmi náà bá rí ìwo díẹ̀, n ó máa sọ ibi tí iṣẹ́ dé fún yín."

Ìgbín mí kanlẹ̀. "Ẹ tọrọ ìkan, ó ti di méjì. Ẹ má jẹ́ kí àpò yẹn tún sọ̀rọ̀ o." Ó na àwọn ìwo ìsàlẹ̀ méjèèjì jáde, Inàkí sì gé orí wọn. Ó fi ọ̀kan sí ẹnu Aluhò, ó fi èkejì sí ara Irin Pẹlẹbẹ. Ṣé ó dun Ìgbín? Ó dùn ún, n kò ní purọ́ fún yín.

Wọ́n padà délé, Inàkí sì tún fún Ẹtu ní ewé orun. Ó gbé Aluhò lé eegun. Lọ́tẹ̀ yìí, Aluhò kò sọ ohun tó ti lù rí àti ohun tí kò tíì lù. Ó ń lọ wọ́ọ́ọ́, jẹ́jẹ́. Lójijì ó dúró gbagidi.

"Pín-ín!"

Inàkí ti ki àtàǹpàkò sábẹ́ abíyá kó tó wò ó. Ihò náà parí gan-an níbi tí eegun parí. Ẹran ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò fara pa rárá.

"Aluhò! O dúró!"

"Ọ̀gá, mo gbọ́ ọ," ni Aluhò wí. "Ó rọ̀, ó lọ́wọ́ọ́wọ́, ó ń mí. Ẹ̀yin ò sọ fún mi pé ohun tó wà láàyè ni mò ń lu láti ọjọ́ yìí."

Inàkí nu ẹnu Aluhò, ó dá a padà sínú àpò. Ó fi Irin Pẹlẹbẹ de eegun pọ̀, ó rán ojú egbò, ó fi igi há ẹsẹ̀ náà, ó sì lọ tún ẹsẹ̀ Òpìpì dì dáadáa. Bó ṣe ń dì í, ó ń tọrọ àforíjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ imú ló ti ń sọ ọ́.

Láàárọ̀ gbogbo, Inàkí á bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ Ẹtu, á ní, "Irin, báwo ni?"

"Kò tíì mú," ni Irin Pẹlẹbẹ á wí láti inú.

"Ó ti mú!" ni Ẹtu á wí. "Ẹsẹ̀ mi nìyí, èmi ni mo mọ̀ ọ́n."

"Irọ́ ni."

Ẹyin pa lábẹ́ ikùn Ẹtu. Kì í ṣe gbogbo wọn, ọyẹ́ ti ba díẹ̀ jẹ́, Òpìpì sì sunkún wọn. Ojú Ẹtu ni àwọn tó pa kọ́kọ́ rí, òun ni wọ́n ń pè ní ìyá. Ó gba Òpìpì ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kó tó yé wọn.

Ọjọ́ kan ni afẹ́fẹ́ yí padà. Iná tó ti ń jó jẹ́jẹ́ lórí òkè sọ̀kalẹ̀, ó ń ta pàrà pàrà nínú koríko. Àwọn ẹranko ń sáré kọjá lójúde Inàkí. Òpìpì gbé ohùn sókè, "Bàbá Ìgbín! Ẹ máa bọ̀ o!" Inàkí ti ń gbé e bọ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ tú mi!" ni Ẹtu ké. "Ẹ jẹ́ kí n fò!"

"Irin, báwo ni?" ni Inàkí bèèrè.

"Kò tíì mú tó ẹni tí ń fò," ni Irin Pẹlẹbẹ wí. "Ó ti mú tó ẹni tí ń rìn. Kó máa rìn nísinsìnyí, kó má dúró, kó má sì fò."

Adìẹ kan ò lè sọ ìyẹn láéláé. Ẹsẹ̀ adìẹ, yálà ó rìn tàbí kò rìn. Inàkí tú igi lẹ́sẹ̀ Ẹtu, ó gbé Ìgbín lé e lẹ́yìn, ó kó Òpìpì àti àwọn ọmọ rẹ̀ sínú àpò irin, ó ní, "Ó yá."

Ẹ fojú inú wo Ẹtu, ẹni tó ń fò láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, tó ń rìn níwájú iná. Ooru ń jó o nídìí. Ara rẹ̀ fẹ́ fò. Bó bá ti fẹ́ ká ẹsẹ̀ jọ láti fò, Irin Pẹlẹbẹ á ké nínú ẹsẹ̀ rẹ̀, "Pín-ín!" Ẹtu á bú sẹ́kún, á sì tún máa rìn.

"Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀, ọmọ mi," ni Ìgbín ń wí lórí ẹ̀yìn rẹ̀. "O ń sáré jù fún èmi pàápàá."

Ọ̀rọ̀ náà pa Ẹtu lẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. Wọ́n tẹ omi. Wọ́n kọjá. Nígbà tí iná dé etí odò, ó lá omi, ó rí i pé kò dùn, ó kú síbẹ̀. Ẹtu dúró ní òdìkejì lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Láti ọjọ́ náà ni Ìgbín ti ní ìwo gígùn méjì lókè àti kúkúrú méjì nísàlẹ̀. Láti ọjọ́ náà sì ni àwọn kan nínú ọmọ-ọmọ Aluhò, tó wà lọ́wọ́ àwọn dókítà eegun lónìí, ti ń mọ ibi tí eegun parí, tí wọ́n ń dá dúró fúnra wọn, tí wọ́n sì ń ké pín-ín. Àwọn kan nínú ọmọ-ọmọ Irin Pẹlẹbẹ náà wà nínú ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn, wọ́n ń sọ fún dókítà pé ó ti mú tàbí kò tíì mú. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn yẹn, ẹ má bẹ̀rù, ẹ kí Bàbá Ìgbín.

Ti adìẹ ńkọ́? Inàkí pa àdéhùn mọ́, kò kán adìẹ kankan lẹ́sẹ̀ mọ́. Àmọ́ ẹni tí wọ́n ti kán lẹ́sẹ̀ rí kì í fi ọkàn tán ni bọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà ni adìẹ ti máa ń dúró lórí ẹsẹ̀ kan, tó ń ká èkejì sókè sínú ìyẹ́ rẹ̀. Ó ń fi í pamọ́ ni, bí Inàkí bá ṣèèṣì rántí bí bàbá rẹ̀ ṣe ń ṣe é.